Wọ́n So Ṣọ́ọ̀bù Mi Rọ̀

Bọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ rí i, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.
Ó gbé fóònù síwájú mi, láàárín abẹ́rẹ́ àti òróró,
ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti so ṣọ́ọ̀bù wa rọ̀."
Mo wòkè. Mo wo páànù, mo wo igi àjà.
Kò sí ohun tó rọ̀ níbẹ̀ àfi bẹ́líìtì máṣíìnì
àti agolo tí mo fi ń gbe òjò.
Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀.
Ìyá Súkúrá ti jókòó sórí àpótí, ó ń retí iṣẹ́ rẹ̀,
ṣùgbọ́n nínú máàpù tí gbogbo ayé ń wò,
mi ò sí ní Fókò mọ́.

Ìjọ́ tó kọ mí síbẹ̀, mo pè é léré ọmọdé.
Kò pé oṣù méjì tí obìnrin kan fi wá láti Mọ́níyà,
ọkùnrin kan gbé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ wá láti Àpáta,
wọn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́.

Ká ní onílé ló bínú, mo mọ ẹni tí yóò bá mi bẹ̀ ẹ́.
Ká ní káńsù ló ti ilẹ̀kùn pa,
mo mọ tábìlì tí a ń dúró sí níwájú.
Èyí kò lójú tí ènìyàn lè wò,
kò lẹ́sẹ̀ tí ènìyàn lè dì mọ́.
Ó ní mo rú òfin. Kò dárúkọ òfin.
Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá.

Fótò pátákó:
pátákó mi ti dípẹtà, orúkọ mi ku ìdajì.
Bíìlì iná:
Lásísì Àrẹ̀mú ni wọ́n ń kọ sí i, bàbá mi,
tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún.
Oṣooṣù ni wọ́n ń sin òkú lówó,
oṣooṣù ni òkú ń san.
Àdírẹ́sì: SW4/218, ọ̀dà dúdú lára ògiri,
àmọ́ ta ní í pè é bẹ́ẹ̀?
Tí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jó irin, má yà;
tí o bá rí mọ́sálásí aláwọ̀ ewé, o ti kọjá.

Wọ́n tún ní fídíò.
Mo ti ṣọ́ọ̀bù tó ti wà ní ṣíṣí, mo ṣí i, mo tún tì í,
bí olè tó ń kọ́ṣẹ́.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Dátà tán.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì.
Ìyá Súkúrá ń bi mí pé, "Ṣé wọn ò tíì sọ̀ ẹ́ kalẹ̀ ni?"

Àfi bí Bọ́sẹ̀dé ṣe pariwo láàárọ̀ ọjọ́ kan,
tó sì dákẹ́ lójijì.
"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n dá wa padà.
Ṣùgbọ́n inú odò ni wọ́n gbé wa sí."
Àmì pupa kékeré, lórí Ògùnpa, nísàlẹ̀ afárá.
Ó fẹ́ tún kọ̀wé sí wọn. Mo ní kó ṣe sùúrù.
Mo wọ awò mi.

Ibẹ̀ yẹn,
ibẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Lásísì wà
kí Omíyalé tó dé, lọ́dún 1980.
Máṣíìnì mọ́kànlá, àti aṣọ Iléyá tí wọn ò tíì wá gbà.
Irin rì, tábìlì léfòó.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo di ọwọ́ bàbá mi mú lókè.
Kò sunkún.
Ó kàn ń ka tábìlì bí wọ́n ṣe ń kọjá:
oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Ta ló sọ fún máàpù?

Lọ́sàn-án, fóònù dún. Ohùn àjèjì:
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí afárá ni mo wà. Omi nìkan ni mò ń wò.
Ṣọ́ọ̀bù yín dà?"
Mo nu òróró ọwọ́ mi nù.
Mo ní, "Dúró síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni.
Mò ń bọ̀ wá mú ọ."